Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Jẹ́ Kí Ráfáẹ́lì Tẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Bí ẹ bá dé Dópẹ̀mú tí ẹ ń wá ilé Ìyá Tẹjú, ẹ má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé tí ojúde rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ ń ro ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi. Rachael ni wọ́n sọ ọ́ ní ìsàmì. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, mo máa ń fi "ẹ" kún un bí ará Èkó. Bí mo bá ń ròyìn rẹ̀, ẹnu Èkìtì mi á jáde, "ó" ni mo máa ń pè é. Kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn sọ pé n kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló ń to bisikíìtì sínú páálí. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Tẹjú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ṣì wà ní ìwé mẹ́fà, láti ìgbà náà ló sì ti ń jí ṣáájú àkùkọ. Á gbá ilé, á gbá ìta, á gbá ojúde ará ilé kejì tí kò rán an níṣẹ́. Bó bá di Sátidé, á bọ́ bàtà, á lọ gbá inú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, á sì fọ sùtánà àwọn àgbà ìjọ títí wọn yóò fi máa tàn. Mo sọ fún un nígbà kan pé mo ti ka òfin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, n kò rí ìgbálẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ mi sókè, òun fẹ́ gbá abẹ́ àga.

Ọdún kejì tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni Tẹjú, tó ti di nọ́ọ̀sì ní ìlú Òyìnbó, ní ká wá. Ó ti gba ààyè fún wa nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tí kì í ru ẹrù, àwọn tó ń gbafẹ́ nìkan ló ń gbé kiri òkun, tí yóò máa dúró ní erékùṣù kan dé èkejì. Ọjọ́ tí a máa wọ ọkọ̀, ó fà mí sẹ́yìn.

"Àǹtí Bísọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá mi ṣiṣẹ́ o. Ìsinmi ni mo rà fún wọn."

Mo ní, "Nǹkan wo ló rọrùn tó ìyẹn?" Ẹ gbọ́ ẹnu mi!

Ọkọ̀ náà ga ju ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní Ìkẹjà GRA lọ. Oúnjẹ wà níbẹ̀ tílẹ̀ fi ń mọ́ tílẹ̀ fi ń ṣú, àwọn Òyìnbó àgbàlagbà sì ń sùn sínú oòrùn bí ẹja tí wọ́n sá. Yàrá wa ní bákónì kékeré tó kọjú sí òkun. A kò tíì tú ẹrù tán tí ọmọkùnrin kan fi kan ilẹ̀kùn. Ọmọ ilẹ̀ Filipíìnì ni, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. Ó tẹríba, ó ní òun ni òun yóò máa tọ́jú yàrá wa, pé Ráfáẹ́lì ni orúkọ òun.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Bísọ́lá, kí ló pe ara ẹ̀?"

"Ráfáẹ́lì ni."

"Olú áńgẹ́lì tí à ń ké pè fún ìwòsàn? Òun ló fẹ́ wá fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mi?"

"Orúkọ lásán ni, ẹ̀gbọ́n mi. Moses tó ń ta kẹrosíìnì ní Dópẹ̀mú, ṣé ó ti pín Òkun Pupa rí?"

Ó ní ẹnu mi ni yóò pa mí lọ́jọ́ kan.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ìró omi ló jí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí eékún, ó ń fọ ilé ìwẹ̀. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ó sì dúró tì mí kí n dìde kó lè tẹ́ tèmi. Nígbà tí Ráfáẹ́lì dé, kò sí ohun tó kù fún un. Ó di aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú, ó dúró bí ẹni tó dé òde lẹ́yìn tí oúnjẹ ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í jókòó sórí àga, ó bó ọsàn fún un.

"Sọ fún un kó jẹ ẹ́. Ó ti rù jù."

Báyìí ló ṣe ń rí lójoojúmọ́. Mo bá a jà, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi Tẹjú dẹ́rù bà á. Kò gbọ́. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní erékùṣù Màdéírà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lọ ń tọ́ wáìnì wò, tí wọ́n lọ ń wo òdòdó, ìgbálẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá kiri ọjà. Ó rí èyí tó nígi gígùn, ó tún ra ọṣẹ ìfọṣọ. Ẹni tó ń yẹ ẹrù wò lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ gbé ìgbálẹ̀ náà sókè, ó wò ó, ó wò wá. Mo ṣe bí ẹni pé n kò mọ obìnrin náà rí.

Erékùṣù kejì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. A ti ìgboro dé, a ń bọ̀ létí omi, mo rí i tí àwọn èèyàn dúró tí wọ́n ń ya fọ́tò ọkọ̀. Mo gbójú sókè. Lára ọkọ̀ ńlá funfun yẹn, ní bákónì wa, sùtánà ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́, táwẹ̀lì ọkọ̀ wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ìró mi aláwọ̀ ewé wà lósì. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú yàrá dúró ní bákónì náà láàárín aṣọ. Ó káwọ́ gbera, kò rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ráfáẹ́lì kọ́ ló wá. Ọmọbìnrin kan ni, ó sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní wọ́n ní Ráfáẹ́lì ń fi ìyá arúgbó ṣiṣẹ́, òun a sì máa jókòó jẹ ọsàn. Bí ọkọ̀ bá dé erékùṣù Bàbédọ́ọ̀sì, wọn yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọn yóò dá a padà sílé. Ìyá rẹ̀ tí kò lera sì nìyẹn, ọmọ yìí nìkan ló ń bọ́ ọ.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo gbé! Mo ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá àwọn èèyàn dúró nílé iṣẹ́ bisikíìtì, tí àwọn àgbà ọkùnrin jókòó sẹ́nu géètì tí wọ́n ń sunkún. Ó wọ bàtà, ó ní kí n mú òun lọ bá ọ̀gá náà. Bí a ṣe wọlé, ó fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Ọ̀gá fò dìde, ó rò pé àìsàn ọkàn ló gbé e ṣubú. Ó ké pe dókítà. Dókítà gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn dé, ó di ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, ó ń wo aago.

Mo ní, "Dókítà, ẹ̀bẹ̀ ni. Ẹ̀bẹ̀ ló ń ṣe é."

Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kọ́ ọmọ níwèé ní Agége ni mo tú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ṣàlàyé pé níbi tí a ti wá, ìyá àgbà kì í dùbúlẹ̀ kí àlejò máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, pàápàá àlejò tó ń jẹ́ Ráfáẹ́lì. Ọ̀gá náà gbọ́ díẹ̀, kò gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ó ní Ráfáẹ́lì yóò wá láàárọ̀ ọjọ́ tí a bá dé Bàbédọ́ọ̀sì, òun yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìyá bá fi lè fọwọ́ kan aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kí Ráfáẹ́lì gbé àpótí rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi jí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń lọ síbi ìrọ̀rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ọwọ́ yẹn!"

Ó lọ jókòó lórí àga, ó fi ìdí tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀. Ráfáẹ́lì wọlé, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ká aṣọ àná, ó tẹ́ tuntun. Ìrọ̀rí kan bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dìde, mo tẹ ìró rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ráfáẹ́lì ká igun aṣọ kan, igun náà wọ́, àánú ẹ̀gbọ́n mi sì ṣe mí, torí mo mọ̀ pé wíwọ́ rẹ̀ ń dùn ún dé egungun. Ó di ojú, ẹnu rẹ̀ ń mì, àdúrà ló ń gbà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ọ̀gá náà mi orí sí Ráfáẹ́lì, ó ní kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá bá tirẹ̀ lọ.

Mo pariwo ayọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ó ń wo bẹ́ẹ̀dì, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Bísọ́lá, láti ọjọ́ tí Yèyé ti kú, kò tíì sí ẹni tó tẹ́ ẹní fún mi."

Ọmọdé ni wá nígbà tí Yèyé wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tẹ́ ẹní fún mi láti ìgbà náà.

Ráfáẹ́lì ní kí ni màmá sọ. Mo sọ fún un. Ó ṣí igun aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá dùbúlẹ̀.

"Láàárọ̀ kùtù yìí?" Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi ń bi.

"Ẹ sùn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó dùbúlẹ̀. Ráfáẹ́lì fa aṣọ bò ó dé èjìká, ó fi ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́ jáde. Níta, àwọn èèyàn ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Bàbédọ́ọ̀sì, wọ́n dé fìlà oòrùn, wọ́n ń pe ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń hanrun. Mo gbé àga sẹ́nu ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má kàn án, mo jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi fọn fèrè tó sì kúrò ní èbúté, kò sì tíì jí.