Ilé Ẹ̀kọ́ Tí A Fẹ́ Kọ́ fún Àwọn Ọmọ Wa ní Òrè

Ibà kan ló gba etí ọmọbìnrin mi kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ara rẹ̀ yá lóòótọ́, ó ń jẹun, ó ń sáré kiri, ṣùgbọ́n bí mo bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí mo pè é, kì í yíjú. Dókítà tí a gbé e lọ bá sọ fún wa pé etí méjèèjì ti lọ, kò sì sí oògùn tó lè dá wọn padà. Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lẹ́nu rẹ̀. "Màmá" ló kẹ́yìn. Nígbà tó yá, ìyẹn náà lọ.

Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òrè. Ọkọ mi ń bá wọn gé gẹdú, ó sì máa ń pẹ́ nínú igbó. Owó epo rọ̀bì ń wọlé fún ìjọba lákòókò yẹn, ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Bìní ti gba ìlú wa kọjá, rédíò sì ń sọ lójoojúmọ́ pé ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mo gbà pé ọmọ tèmi náà wà nínú gbogbo ọmọ. Mo wọ̀ ọ́ láṣọ ilé ìwé, mo mú un tọ ọ̀gá àgbà wa lọ. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní àánú mi ń ṣe àwọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ níbẹ̀. Èmi gan-an kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ adití.

Bó ṣe di pé mo ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi nìyẹn. Ilé wa kò jìnnà sí ọ̀nà márosẹ̀, ọmọ náà kò sì lè gbọ́ fèrè ọkọ̀. Màá gbé oúnjẹ àti omi sílẹ̀ fún un, màá wá lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní a, b, d. Àwọn aládùúgbò sọ fún mi pé ó máa ń lu ilẹ̀kùn títí á fi sùn lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ wọn jọ tèmi. Mo rí obìnrin Mùsùlùmí kan tó ń ta ìrẹsì nínú gáréèjì, tó bí ọmọkùnrin rẹ̀ ní afọ́jú. Mo rí àgbẹ̀ kan tó ti ilẹ̀ ibòmíràn wá dáko kòkó ní Aráròmí-Obù, nítòsí Òrè. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń dàgbà, àmọ́ òye rẹ̀ kò kúrò ní ti ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ìyá onírẹsì la ti máa ń pàdé. Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀: ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan tí kò sún mọ́ ọ̀nà márosẹ̀, tíṣà tó kọ́ irú iṣẹ́ náà, àti ibùsùn fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti oko. Lórí ibùsùn yìí la ti fẹ́ túká. Àgbẹ̀ náà kò gbà kí ọmọ òun sùn níbòmíràn. Ó ní ọmọ náà kò lè sọ ohun tó ń dùn ún, òun nìkan ló mọ ìtumọ̀ ẹkún rẹ̀. Ìyá onírẹsì ló ní kí a bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ̀ tí yóò máa gbé wọn wá láàárọ̀, tí yóò sì máa dá wọn padà.

A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀gá tó ń rí sí ẹ̀kọ́ gbà wá tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wá wọn ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé mi, wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Èmi àti ìyá onírẹsì la ń pọnmi fáwọn bíríkìlà. Inú mi dùn débi pé mo ra síléètì pamọ́.

Lẹ́yìn náà ni owó epo já wálẹ̀. Tíṣà kò rí owó oṣù gbà mọ́, iṣẹ́ ìkọ́lé dúró, àwọn ológun sì gbàjọba. Nígbà tí a tún lọ sí ọ́fíìsì náà, ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá kò ní ká jókòó.

"Ẹ má bínú," wọ́n ní. "A ò tíì rówó kọ́ àwọn ọmọ tó pé."

Ìyá onírẹsì fa ọmọ rẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ ọmọ náà lé orí tábìlì. "Ẹ wò ó dáadáa, sà. Ẹ fi ibi tí kò ti pé hàn mí."

Ọ̀gá náà wolẹ̀. Wọ́n ní àwọn á rí sí i. Koríko bo ìpìlẹ̀ náà, àwọn kan sì ń jí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kó lọ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ mi gba ojú fèrèsé jáde. Awakọ̀ tírélà kan bá a láàárín ọ̀nà, ó fun fèrè títí, ó sì yà wọ igbó. Kò sẹ́ni tó kú. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ọkùnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọmọ mi sì dúró tì í, ó ń wò ó lẹ́nu.

"Mo fun fèrè, ìyá," ó ń sọ ọ́ ṣáá. "Mo fun fèrè."

Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé n kò lè dúró de Òrè mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití kan wà ní ìlú tó jìnnà, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Mo mú un lọ. Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún un pé mo ń bọ̀ wá mú un. Mo nawọ́ sí ọ̀nà, mo nawọ́ sí àyà mi, mo nawọ́ sí òun náà; ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ìgbà tí mo dé ẹnu géètì ló tó yé e. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, òun tó ké e kò gbọ́ ọ.

Nígbà tí sáà parí tí mo padà lọ, kò sáré wá bá mi. Ó dúró ti ọmọbìnrin mìíràn, ọwọ́ àwọn méjèèjì ń lọ ń bọ̀ kíákíá. Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀, n kò sì gbọ́ ọ̀kankan. Mo bi tíṣà wọn pé kí ló ń wí. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, kí n fi sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́.

"Ó ní obìnrin tó já òun sílẹ̀ ti dé."

Mo kúnlẹ̀ síwájú ọmọ mi lórí iyẹ̀pẹ̀. Mo ní kí tíṣà kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ pé, mo máa ń padà wá. Mo ṣì í ṣe. Ọmọ mi wò mí títí, ó wá di ìka mi mú, ó tò wọ́n bó ṣe yẹ.

Ó kàwé jáde níbẹ̀. Ọmọ ìyá onírẹsì kò rí ilé ìwé kankan lọ. Àgbẹ̀ náà kó ọmọ rẹ̀ padà sí ìlú wọn, a kò sì gbúròó wọn mọ́. Nígbà tí mo fi máa fẹ̀yìn tì, wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ sórí ìpìlẹ̀ tí a pọnmi sí.