Atẹ́gùn Tó Gba Ojú Amàwọ̀

Amàwọ̀ ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pe pẹ́ńtà náà, nítorí kò sí àwọ̀ mọ́tò tí kò lè pò kó bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Oníbàárà á wò ó títí, kò ní rí ojú àpá.

Òun àti ẹni tó ń lu ara mọ́tò tó bá tẹ̀ ti jọ kọ́ṣẹ́. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e ni tiwọn. Bí iṣẹ́ bá parí, ọ̀rẹ́ á gbé rọ́bà ẹ̀rọ atẹ́gùn, á fi fẹ́ eruku kúrò lára Amàwọ̀ látorí dé ẹsẹ̀. Amàwọ̀ á máa yí bí ìyàwó tuntun níwájú dígí, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn kìlọ̀ títí ó fi sú u. Etí ikún ni wọ́n kọ sí i.

Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n rẹ́ wà léjìká Amàwọ̀, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ṣe ń fẹ́ ẹ, atẹ́gùn gbé irin náà sí i lójú. Amàwọ̀ kàn fọwọ́ bo ojú ọ̀tún ni, kò pariwo. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé àwàdà ni, ó tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tó rí ẹ̀jẹ̀ láàárín ìka rẹ̀.

Dókítà sa gbogbo ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyinjú ti fọ́. Ìyàwó Amàwọ̀ fi dandan lé e pé ọ̀rẹ́ náà kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà àwọn.

Nígbà tí ara yá, Amàwọ̀ padà síṣẹ́. Ojú kan tó kù ń ṣomi ṣáá, àwọ̀ kò sì yé e mọ́ bíi tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn mọ́tò pupa kan tó kùn hàn gedegbe bí àbùlẹ̀ lára aṣọ. Ọ̀gá kò bá a wí. Ó kàn ní kó máa fi sáńpépà ha ara mọ́tò, kí ẹlòmíràn máa kùn ún. Ìyẹn dùn ún ju èébú lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò wá síṣẹ́ mọ́ rárá. Amàwọ̀ wá a lọ sílé, ó bá a ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Ọkùnrin náà kò lè gbójú sókè wò ó.

"Ṣebí èmi ni mo ní kó o fẹ́ mi," Amàwọ̀ wí.

"Ọwọ́ ta ló wà lára rọ́bà?"

Amàwọ̀ bẹ̀ ẹ́ kó padà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun kò lè gbọ́ ìró ẹ̀rọ yẹn sétí mọ́. Bí Amàwọ̀ ṣe dìde, ó kọ lu àga tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ọ̀rẹ́ sì sáré dì í mú.

Nígbà tí ọkàn ìyàwó Amàwọ̀ fi máa rọ̀, tó ní kí ọ̀rẹ́ náà máa bọ̀ wá kí àwọn, ọkùnrin náà ti kó kúrò ládùúgbò, kò sì sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni.