Àna Mi Nínú Ọkọ̀ Oníjókòó Méjì

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún un pé mo fẹ́ ra ọkọ̀ oníjókòó méjì. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin àti ta ni, Dádì?"

Mo ní èmi àti òun ni. Ó ní àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́? Mo ṣàlàyé pé ọkọ̀ ilé wà nílẹ̀ fún àwọn ọmọ, pé èyí tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ Sátidé ni, ọkọ̀ ìgbádùn, èyí tí èèyàn ń wà nítorí pé ó wù ú láti wà á, kì í ṣe nítorí pé ó níbi tó ń lọ. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aṣọ tí télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà jẹ́.

"Ní Bàrígà yìí?"

Ìbéèrè yẹn ò burú. Àdúgbò wa dín. Gọ́tà wà lápá ọ̀tún, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń tò sápá òsì, àárín ọ̀nà sì ni àwọn ará àdúgbò dáwó jọ mọ bọ́mpù oníkọnkéré sí kí àwọn ọlọ́kadà má baà sáré pa ọmọ wọn. Bọ́mpù náà ga débi pé ewúrẹ́ máa ń dúró lórí rẹ̀ láti wòran.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìkésíni, páálí bisikíìtì, gbogbo rẹ̀ là ń tẹ̀. Láti Mọ́ńdè títí di Fúráídè, ojú kan náà ni mò ń dúró sí, tí ẹ̀rọ á máa ké mọ́ mi létí. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí eré máa wù mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wo bọ́ọ̀lù. Èmi, ọkọ̀ ni. Bí ọkọ̀ tó dáa bá ń bọ̀ lókèèrè, màá ti mọ irú ẹ́ńjìnnì tó ní kó tó yọ sí wa, àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á sì mi orí pé ọ̀gá tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ibì kan wà lẹ́yìn odi ìlú, pápá ńlá kan tí wọ́n da ọ̀dà sí nítorí ilé iṣẹ́ tí wọn ò wá kọ́ mọ́. Àwa tá a fẹ́ràn ọkọ̀ máa ń háyà rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A óò fi kónù, àwọn ike orí ṣóńṣó tí wọ́n ń tò sójú ọ̀nà, la ọ̀nà tó lọ́ bí ìfun sórí rẹ̀. Ẹnì kan á dé akoto, á wọlé, á sáré yípo. Tó bá jáde, ẹlòmíì á wọlé. Tíráàkì là ń pè é. Ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni díje, kò sí ife ẹ̀yẹ. Èèyàn kàn fẹ́ mọ ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ lè ṣe, níbi tí kò ti sí ọmọ tó ń sọdá.

Ọkọ̀ ilé ni mo kọ́kọ́ gbé lọ síbẹ̀. Mo rò pé ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ ní Èkó tipẹ́ bíi tèmi, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ? Obìnrin kan tí mo dàgbà jù ló jókòó tì mí láti máa tọ́ mi sọ́nà. Ọ́fíìsì kan ní Palmgrove ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Kóòṣì ni gbogbo wa ń pè é. Ní kọ́nà kejì, mo ti wọ inú kọ́nà tán kí n tó rántí búrékì. Ọkọ̀ yí bírí, ó dojú kọ ibi tá a ti ń bọ̀. Bàtà ọmọ, ìgò omi àti bisikíìtì tí wọ́n jẹ kù fò láti ẹ̀yìn wá síwájú. Kóòṣì mú bàtà náà kúrò lórí itan rẹ̀, ó rọra gbé e fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń bá ọkọ̀ jà. Kí ló fi ṣe yín?"

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di onímọ̀ràn, mo sì máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn bí kò tiẹ̀ bi mí. Ọkọ̀ tó o bá ní nílé ni kó o kọ́kọ́ gbé lọ sí tíráàkì. Má tíì ra nǹkan kan. Ọkọ̀ ilé á fi hàn ọ́ pé ìwọ gan-an lo ò tíì mọ̀ ọ́n wà. Lẹ́yìn náà, tẹ búrékì nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró gbọọrọ, kó o tó wọ kọ́nà; ẹni tó bá dé inú kọ́nà kó tó tẹ̀ ẹ́ á bá ara rẹ̀ nínú koríko. Ojú ibi tó o fẹ́ lọ ni kó o máa wò, má wo kónù tó ò fẹ́ gbá, torí ibi tí ojú bá ń wò lọwọ́ ń darí sí. Tó bá wá dórí ọkọ̀ tó o fẹ́ rà, mo fara mọ́ èyí tó fúyẹ́ ju èyí tó lágbára lọ. Agbára ń dùn lọ́nà tó gún. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ ń dùn níbi gbogbo, kì í sì í jẹ táyà àti búrékì bí ẹni tí wọ́n febi pa. Ní ti àwa ará Bàrígà, kó o tó wo ẹ́ńjìnnì, lọ wo ikùn ọkọ̀ náà, kó o wò ó bóyá ó ga tó.

Èmi tí mò ń sọ gbogbo èyí, ọkọ̀ pupa ni mo kọ́kọ́ lọ wò.

Ó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn kì í jókòó sínú rẹ̀, ṣe lèèyàn ń ṣubú sí i. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn bí ẹni tí inú ń bí. Ọkùnrin tó ni ín gbà kí n wà á lọ fi han ìyàwó mi, ó ní òun á jókòó tì mí. Bí a ṣe wọ Bàrígà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Ọ̀gá, ẹ ti tó bẹ́ẹ̀!" Èmi náà ń juwọ́ sí wọn bí ẹni pé ọkọ̀ ti di tèmi. Bẹ́ẹ̀ ni mo dé ibi bọ́mpù. Táyà iwájú gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, mo bá gbọ́ "gbààà" lábẹ́ ìdí mi. Ọkọ̀ dúró. Ikùn rẹ̀ jókòó sórí kọnkéré bí adìyẹ tó sàba.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló tú jáde. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ní ọṣẹ lágbọ̀n. "Ẹ má fà á o! Ẹ gbé e! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá ibí, ẹ gbé e!" Ẹni tó ni ọkọ̀ gbé ọwọ́ lérí. Wọ́n gbé e bí ìgbà tí wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀dì tuntun wọlé, wọ́n sì rọra gbé e kalẹ̀ lódì kejì. Mo gbójú sókè, mo rí ìyàwó mi ní bákónì, ó ti fi etí ìró bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé kò sọ́nà mìíràn tó jáde ní àdúgbò wa. Nígbà tí ọkùnrin náà fẹ́ máa lọ, wọ́n tún bá a gbé e padà.

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan kí n tó tún lè dárúkọ ọkọ̀ nínú ilé. Kóòṣì ló pè mí. Ó ní òun fẹ́ ta oníjókòó méjì kékeré tí òun ń lò, pé kí n wá wà á wò ní tíráàkì ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó dá mi lóhùn.

"Ó dáa. Màmá á bá yín lọ. Tí Màmá bá ní kò séwu, mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."

Ọmọ Ìlàjẹ ni ìyàwó mi. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja létí ọ̀sà níbí ní Bàrígà, ó sì wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn òbí tèmi, ará Òkè-Ògùn ni wọ́n; omi tó pọ̀ jù tí mo rí nígbà èwe mi, inú àmù ló wà. Mo bọ̀wọ̀ fún Màmá gan-an, mo sì bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀. Mi ò gbọ́dọ̀ fọn ikun níwájú rẹ̀, áńbọ̀ǹtórí kí n gbé e sáré.

Nígbà tí à ń lọ, mo rọra wa ọkọ̀ ilé débi pé kẹ̀kẹ́ ń yà wá sílẹ̀. Màmá gbé ẹja gbígbẹ dání fún "àwọn tá à ń lọ bá," gbogbo ọkọ̀ sì ń ta sánsán. Nígbà tá a dé, Kóòṣì kúnlẹ̀ kí i, ó sì fi ọkọ̀ náà hàn wá. Ọkọ̀ àlòkù ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi fàdákà, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, èèyàn lè ká a sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ju ti ọkọ̀ ilé wa lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n lè wo ikùn rẹ̀. Màmá rò pé òun ni mò ń kí. Ó ní, "Wàá pẹ́ fún wa, ọkọ ọmọ mi." Mo ní àmín láti abẹ́ ọkọ̀.

Mo kọ́kọ́ dá wà á yípo lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo jáde, Màmá ti dìde lórí àga tí wọ́n gbé fún un.

"Ṣé èmi náà lè wọ̀ ọ́?"

Kóòṣì ní ó lè wọ̀ ọ́, àfi kó dé akoto. Màmá wo akoto náà, ó fọwọ́ kan gèlè rẹ̀, ó wá wò mí. Mi ò rí irun orí rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ yíjú." Èmi àti gbogbo ọkùnrin tó wà ní pápá yẹn yíjú sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Nígbà tá a máa yíjú padà, ó ti wà nínú ọkọ̀, akoto lórí, gèlè ní kíká lórí itan.

Mo wà á jẹ́jẹ́. A yípo lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ẹ̀rù ti bà á.

"Màmá, ṣé kò séwu?"

"Ẹ́ńjìnnì yìí, ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara rẹ̀ yá, Màmá. Mo kàn ń rọra ni."

"Ta ló ní kó o rọra? Tẹ̀ ẹ́!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Bá a ṣe wọ kọ́nà àkọ́kọ́, mo retí igbe. Dípò bẹ́ẹ̀, mo rí i pé Màmá ti fi ara tẹ̀ sápá ibi tí kọ́nà yà sí, ní àkókò gan-an tó yẹ, ó sì tún nàró bí ọ̀nà ṣe ń gún. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní kọ́nà kejì. Ní ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tó ń dún jáde nínú akoto. "Tẹ̀ ẹ́! Má jẹ́ kó sùn!" Èmi náà ò bá ọkọ̀ jà mọ́. Mo tẹ búrékì kí kọ́nà tó dé, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, mo wo ibi tí mo fẹ́ lọ, ọkọ̀ kékeré náà sì yà wẹ́rẹ́ bí ẹni pé èrò ọkàn mi ló ń gbọ́. Gbogbo ara mi fúyẹ́. Mo gbàgbé pé àna mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tá a dúró, ó jókòó síbẹ̀, kò tètè bọ́ akoto.

"Bàbá ìyàwó ẹ ló máa ń di ẹ́ńjìnnì mú lẹ́yìn," ó ní. "Èmi á jókòó síwájú ọkọ̀ ojú omi, láti Bàrígà títí dé ilé wa ní Ìlàjẹ lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ á fò, á balẹ̀, omi á máa gbá mi lójú, èmi á máa pariwo pé kó tẹ̀ ẹ́. Kò sí bẹ́líìtì, kò sí búrékì. Láti ìgbà tó ti kú, mi ò tún rí ẹni tó gbé mi sáré." Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. "Ìwọ tó o ní búrékì lábẹ́ ẹsẹ̀, kí lò ń bẹ̀rù?"

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Ó ní ká tún lọ. A tún lọ.

Ìyàwó mi ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Òun àti ìyá rẹ̀ wọ kíṣìnnì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Ìlàjẹ, èyí tí mi ò gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ, àgàgà tí wọ́n bá ń yára sọ ọ́. Mo gbọ́ "búrékì." Mo gbọ́ "gèlè." Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ̀rín, ẹ̀rín náà sì pẹ́. Ìyàwó mi jáde wá, ó ń nu ojú.

"Màmá ní kẹ́ ẹ rà á. Ó ní ẹ ò kúkú mọ eré sá."

Mo rà á. Ó ń gba orí bọ́mpù kọjá láìfara kàn án, bí mo bá ti rọra gbà á ní ìbú. Àwọn onígbàjámọ̀ ṣì máa ń yọjú, ó sì hàn pé ó ń dùn wọ́n pé kò há mọ́. Ìyàwó mi ní atẹ́gùn rẹ̀ ń ba irun jẹ́, síbẹ̀ òun ló ń gbé e lọ síbi ìpàdé kọ́áyà, ó sì ti já bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìsọ fún mi. Ní tíráàkì, mi ò yára tó àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Kò dùn mí. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, ọkọ̀ ò sì yí bírí mọ́.

Lẹ́yìn tí mo rà á, mo fi gbé Màmá lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan. Ọkọ̀ ò lè dé ìsàlẹ̀ létí ọ̀sà, torí náà mo fi í sókè, a fẹsẹ̀ rìn. Mo gbé báàgì rẹ̀ dání. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja rí wa, wọ́n ní kó wá sọ fún àwọn bí ọkọ̀ tí kò lórùlé náà ṣe rí. Màmá so ìró rẹ̀ le, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di sítíárìn mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya kọ́nà láàárín èéfín, ó ń fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì. Èdè Ìlàjẹ ló ń sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ èyí tó pọ̀ tó. Nínú ìtàn tirẹ̀, òun ló wa ọkọ̀. Èmi ni mo jókòó tì í, tí mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra.