Ìgbálẹ̀ Tí Ọmọ Mi Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

Òdo ni wọ́n fún ọmọ mi lónìí, torí pé ó ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀!

Iléèwé ló ní kí wọ́n ṣe ìgbálẹ̀ wá. Rùkáyá bá bàbá mi lọ sóko, ó gé imọ̀ ọ̀pẹ, ó fi ọ̀bẹ ha ewé ara rẹ̀ kúrò títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Òun náà ló dì í. Ó wọ́ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun ló fi gbálẹ̀ ilé wa láàárọ̀ yìí kó tó gbé e lọ.

Ẹkún ló sun wálé lọ́sàn-án. Mo fà á lọ́wọ́, ó di iléèwé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Tíṣà rẹ̀ ní, "Ìyá Rùkáyá, ẹ wo ti àwọn yòókù bó ṣe rí rèǹtè. Ẹ bá a ra èyí tó dáa lọ́jà."

Mo ní, "Àǹtí, ta ló ṣe ti àwọn yòókù?"

"Ẹ̀yin náà! Gbogbo òbí ló ń rà á."

Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó rà á gba mẹ́wàá, ẹni tó ṣe é gba òdo. Ṣé ọmọ ni wọ́n ń fún ní máàkì ni, àbí ìyá tó ń ta ìgbálẹ̀?

Bá a ṣe ń padà bọ̀ wálé, Rùkáyá bi mí pé, "Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá ra tuntun, ṣé kí n sọ pé èmi ni mo ṣe é?"

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ bá mi dá a lóhùn.