Ohun Tí Wọ́n Máa Kọ Sábẹ́ Àwòrán Mi

Nígbà tí orúnkún mi kọ̀ bọ́ọ̀lù sílẹ̀, mo ra kámẹ́rà, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìkirè. Títí di òní, mi ò lè gbé kámẹ́rà dé ibi ìkómọjáde kí ẹnì kan má pariwo pé, "Góòlù!" Bí wọ́n bá pè mí wá ya ìyàwó tuntun, bàbá ìyàwó á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa sọ̀tàn góòlù tí mo gbá wọlé nígbà tí irun ṣì wà lórí mi. Ó máa ń dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n ní ó jẹ́ oògùn ìṣẹ́, wọn ò sọ pé bọ́ọ̀lù nìkan ni iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àpòmù ránṣẹ́ sí mi pé àwọn fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà, àwòrán àwọn gbajúmọ̀ ọmọ ìlú ni yóò wà nínú rẹ̀, èmi náà sì wà lára wọn. Ha! Mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Orúnkún bú mi, mi ò dá a lóhùn. Mo wọ bùbá tuntun, mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó di orí ọ̀kadà.

Mo débẹ̀, alága na jẹ́sì pupa kan àti bọ́ọ̀lù sí mi. Ó ní kí n wọ̀ ọ́ kí wọ́n yà mí, pé "Agbábọ́ọ̀lù" ni wọ́n máa kọ sábẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Onífọ́tò ni mí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì dìde. "Onífọ́tò kẹ̀? Ta ni kì í ya fọ́tò láyé ìsinsìnyí? Fóònù ìyàwó mi ń yà á. Bọ́ọ̀lù rẹ la mọ̀. Kí ló wà nínú fọ́tò tìrẹ?"

Inú bí mi gan-an. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀: kí ìlú mi gbà pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe lónìí, iṣẹ́ ni.

Akọ̀wé ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ká yẹ àwòrán táwọn yòókù mú wá wò. Ó ní àyè ò tó nínú kàlẹ́ńdà, òun máa gé gbogbo wọn láti àyà.

Ariwo ta. Lọ́dọ̀ tiwa, fọ́tò tí kò bá dé bàtà kò tíì ya ènìyàn tán. Ìyá kan tó ń ra kòkó ní Ìkòyí ìtòsí wa níbí gbá àwòrán rẹ̀ mọ́yà. "Ẹ gé kí ni? Bàtà tí mo torí ẹ̀ lọ sí Ìbàdàn! Ọmọ yìí yà á, ó hàn ketekete!"

"Òun náà ló ya tèmi!" ni ẹlòmíràn fi sí i.

Òótọ́ ni. Ẹni tó ti fi ọdún gbọọrọ wo ẹsẹ̀ ọ̀tá lórí pápá, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí ẹsẹ̀ kó tó gòkè. Mi ò gé bàtà ẹnikẹ́ni rí.

Mo yíjú sí tíṣà. Ó di àwòrán tirẹ̀ mú, ti ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo yà á. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló bá mi sọ títí mo fi parí iṣẹ́. Ó wo bàtà rẹ̀, ó tún un wò.

"Akọ̀wé," ó ní, "ẹ má gé e o. Ẹ sì kọ iṣẹ́ ọmọ yìí bó ṣe wí."

Ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó ní òun ló máa yà mí.

Kàlẹ́ńdà jáde. Gbogbo gbajúmọ̀ dúró láti fìlà dé bàtà, ojú wọn kéré bí ẹ̀wà. Èmi nìkan ni tíṣà gé láti ìbàdí. Àwọn ará Ìkirè ya wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá wò ó, wọ́n ń pariwo pé, "Ẹsẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù dà?"

Mo ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n ka ohun tó wà lábẹ́ àwòrán fún mi, kí wọ́n sì kà á sókè.