Ọjọ́ Tí Wọ́n Pa Mí Lójú Dé

Òórùn jáfẹ́ẹ̀lì ni mo kọ́kọ́ ń rántí, omi tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn kékeré kan ní Koira Kano, tó máa ń ta èèyàn nímú kó tó wọlé rárá. Ògiri funfun, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn, eruku ṣì ń rí ọ̀nà gba abẹ́ fèrèsé wọlé. Boukoki ni mo ti ń gbé láti ìgbà tí mo ti wá ṣe ìyàwó ní Niamey, níbi tí ariwo àwọn ọmọ iléekéwú kì í ti í dá, nítorí náà ìdákẹ́jẹ́ àdúgbò yẹn ṣàjèjì sí mi. Mo jókòó, mo gbé apá ọ̀tún mi lé itan bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Apá náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Mo ṣubú lórí alùpùpù nígbà tí mo ń ti Kirkissoye bọ̀, ọrùn ọwọ́ mi dá. Àwọn èèyàn ní ikú tí ì bá pani, tó bá ṣí ni ní fìlà, ká máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́ títí, ọpẹ́ sú mi. Egungun jinná, àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà á mọ́ kedere, síbẹ̀ bí aṣọ lásán bá kan apá yẹn, àfi bí ìgbà tí wọ́n da omi gbígbóná sí i. Èmi tí mo ń ta léèsì, mi ò lè ká aṣọ mọ́. Nígbà tó yá, oró náà wọnú ọkàn lọ. Oúnjẹ ò dùn, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, mi ò gbọ́. Mo máa ń kírun tán, kí n jókòó sórí ẹní, kí n sọ fún Ọlọ́run pé kó wá mú mi, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń tọrọ omi. Mi ò tilẹ̀ sunkún sí i. Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí n dá jókòó mọ́.

Kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún ọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, àwọn sì ni àwa Yorùbá Niamey máa ń pè bí obìnrin kan bá ń pọ̀kàkà ikú. Àwọn ni wọ́n máa ń pe kálímà, ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí àwa Mùsùlùmí, sí i létí, kó lè jẹ́ òun ni ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn tó gbọ́ láyé. Àwọn ni wọ́n máa ń pa á lójú dé, tí wọ́n á na ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó le, tí wọ́n á sì wẹ̀ ẹ́. Wọ́n máa ń sọ pé kò sí ojú òkú tí àwọn ò dá mọ̀.

Dókítà ibẹ̀, obìnrin Zarma kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ oògùn oorun ló kọ́, ló sọ fún mi nípa kẹtamíìnì. Oògùn tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kán an díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń rọ irú oró bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, ó sì máa ń gbé ọkàn tó ti wó dìde. Kò ṣèlérí. Ó ní bí ẹ̀rù bá bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo sì kọ̀, òun ò mọ ohun tí òun tún lè ṣe fún mi. Ó wá fi Hausa ṣàlàyé fún ìyá ọkọ mi, nítorí wọn ò gbọ́ Faransé: ojú mi lè là sílẹ̀ gbòò, mo lè má dáhùn, bí ẹni tí kò sí nínú ara rẹ̀ ni màá rí fúngbà díẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn mí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gún mi lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òsì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ètè mi ló kọ́kọ́ kú. Ògiri sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni apá ọ̀tún mi wà lọ́hùn-ún bí apá ẹlòmíràn; mo mọ̀ pé ó ń ro ó, ṣùgbọ́n kò kàn mí. Mi ò mọ bí mo ṣe tún lè sọ ọ́ kó yé ọ. Mò ń wo ara mi bí ìgbà tí mò ń wo aláìsàn tí mo bá pàdé lọ́nà. Inú mi ò dùn, inú mi ò bàjẹ́.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ kálímà létí mi. Ohùn ìyá ọkọ mi ni, jẹ́jẹ́, kò gbọ̀n. Ọwọ́ wọn bọ́ sórí ìpéǹpéjú mi, wọ́n pa mí lójú dé. Ọwọ́ kejì mú orúnkún mi, ó ń nà án. Mo mọ ètò yẹn dáadáa, mo ti bá wọn gbé omi ìwẹ̀kú rí. Mo ní ó parí, mo ti kú.

Ṣé ò ń gbọ́ mi? Ohun tí mo ti ń tọrọ ló dé yẹn, ó yẹ kí ara tù mí. Inú ló bí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú, inú ò bí mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ta ló ní kí wọ́n pa mí lójú dé? Àbíkẹ́yìn mi ò tíì mọ irun kí délẹ̀. Mo fẹ́ pariwo, mi ò rí ẹnu. Mo wá ojú mi kiri, mo rí i, mo là á.

Ìyá ọkọ mi tún pa á dé.

Mo tún là á. Nọ́ọ̀sì tó ń to oògùn nídìí tábìlì ti sáré dé, ó di ọwọ́ wọn mú, ó ní kí wọ́n wo ẹ̀rọ, ọkàn mi ń lù. Wọn ò wo ẹ̀rọ kankan. Ojú mi ni wọ́n tẹjú mọ́. Ó pẹ́ kí ahọ́n mi tó gbọ́ tèmi.

Mo ní, “Ìyá, mi ò tíì fẹ́ lọ.”

Obìnrin tí kì í sunkún nídìí òkú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní, “Mo gbọ́ ọ, ìyàwó mi. Tún un sọ.”

Mo tún un sọ.

Dókítà bá wọn wí, wọ́n sì gbà. A padà lọ lẹ́yìn ìgbà náà, léraléra. Ìta ni wọ́n ní kí ìyá ọkọ mi máa jókòó sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń jókòó. Oró náà ò tán. Ó dínkù débi pé mo lè ká aṣọ díẹ̀ kí n tó sinmi, àwọn ọjọ́ mìíràn sì wà tí n kì í lè ká ẹyọ kan. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá oògùn ló ṣe é tàbí kálímà. Mi ò mọ̀, mi ò sì wádìí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò tọrọ ikú mọ́, kì í ṣe pé ayé wá dùn ju ti àná lọ. Wọ́n ti fún mi ní ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ní Niamey ló fún mi, èmi fúnra mi ni mo sì dá a padà.