Ṣọ́ọ̀bù Tí A Tún Ṣe fún Bàbá Mi

Gáráàjì tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Dagenham, nílùú òyìnbó níbí, kò rí mọ́tò rí láti ìgbà tí a ti kó débẹ̀. Àwọn tó gbé ilé náà ṣáájú wa fi táyà mẹ́rin, fìríìjì tó ti kú àti àpò sìmẹ́ǹtì tó ti di òkúta sílẹ̀, àwa náà sì fi pàǹtí tiwa kún un. Èmi ni mo sọ pé kí á sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù káfíńtà fún bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kì í ṣe nítorí iṣẹ́ káfíńtà. Mo fẹ́ kí bàbá mi má padà sílé ni.

Ọdún kan lẹ́yìn tí ìyá mi kú la mú un wá láti Abẹ́òkúta. Èmi nìkan ni wọ́n bí, ilé ọ̀hún sì ti ṣófo. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí wa, ṣùgbọ́n ó yanjú, mo sì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé wàhálà ti tán. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun fẹ́ máa lọ. Kì í fi ariwo sọ ọ́. Bí mo bá gbé tíì fún un láàárọ̀, á ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ìgbà wo lẹ máa bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì?" Bí ẹni ń béèrè ṣúgà ló ṣe máa ń sọ ọ́. Èmi á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Àádọ́ta ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Gbogbo àga tí mo jókòó lé nígbà ọmọdé mi, òun ló kàn wọ́n. Ẹni tó máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù kí oòrùn tó yọ wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń wo bọ́ọ̀sì tó ń kọjá. Ó ń rù. Ohùn rẹ̀ pàápàá ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá padà, á dá nìkan kú sínú ilé yẹn, ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé bó bá dúró, fèrèsé yẹn ló máa pa á. Mo wá sọ fún ara mi pé bí a bá fún un ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní ráyè rántí tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọkọ mi gbà kíákíá. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì mọ nǹkan kan nípa ilé kíkọ́ ju kí ó gbé ẹrù láti ibì kan sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n ó ní ìgboyà ẹni tó ti wo fídíò púpọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Don't worry, two weekends, ó ti parí." Oṣù márùn-ún ló gbà wá.

Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ gáráàjì mọ́, bàbá mi wọ ṣòkòtò àtijọ́ kan, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó sì jáde wá bá wa. Mi ò tíì rí i kó yára rìn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di táyà kan mú, ó fẹ́ yí i jáde. Ọkọ mi fò bá a.

"Ha, Bàbá! Rárá o, sà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Kí làwa wá wà fún?"

"Táyà lásán yìí?"

"Ẹ relax, sà. We'll handle it."

Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ náà tán, èmi ti gbé àga oníke jáde. Mo gbé e sábẹ́ igi ápù tó wà nínú ọgbà, mo mú bàbá mi jókòó, mo sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe nìyẹn. Ta ló fẹ́ rí mi níbi tí mo dúró sí, kí bàbá mi máa yí táyà? Ojú ì bá tì mí bí òyìnbó aládùúgbò wa bá rí i. Bẹ́ẹ̀ òyìnbó náà ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, orí àkàbà ló sì wà lọ́jọ́ náà, tó ń kun fèrèsé rẹ̀ lọ́dà, tó ń súfèé.

Iṣẹ́ náà kò rọ̀ wá lọ́rùn rárá. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni òrùlé gáráàjì náà, wọ́n sì sọ fún wa pé eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àfi àwọn tó gba ìwé àṣẹ ló lè kó o. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní abẹ́ irú rẹ̀ lòun àti ìyá mi sùn sí fún ogójì ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi dúró dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n kó o lọ tán, kí a tó rí ẹni gbé òmíràn lé e, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìdá. Gáráàjì kún fómi. Ọkọ mi fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì tó ti di òkúta yẹn, ó ní òun ò mọ ohun tó kàn mọ́. Èmi náà ò mọ̀. A kàn ń wo ara wa.

Lẹ́yìn tí òrùlé ti padà, ọ̀rọ̀ wá kan ògiri. Bàbá mi sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀, ó ní, "Ògiri yẹn ò tíì gbẹ o. Ẹ má tíì kùn ún." Ọkọ mi ní, "Yes sà, ẹ ṣeun sà," ó sì kùn ún lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé fídíò kan ti sọ fún un pé ọ̀dà tó rà kò bìkítà fún ọ̀rinrin. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí nǹkan dúdú fi hu láti ìsàlẹ̀ dé àárín ògiri. A họ gbogbo rẹ̀ kúrò. Bàbá mi na ọwọ́ pé kí a fún òun ní irin tí a fi ń họ ọ̀dà, mo ní eruku rẹ̀ kò dáa fún àyà yín, sà. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta la kun ògiri yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì la họ ọ́. Orí mi ń gbóná. Mo bú ọkọ mi, mo bú òjò, mo bú ẹni tó ta ọ̀dà fún wa. Bàbá mi nìkan ni mi ò lè bínú sí, nítorí bàbá mi ni.

Nígbà tí mo rí i pé apá wa kò ká a mọ́, mo sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aláṣọ funfun ni wá, ará ìjọ wa kì í sì í fi ara wọn sílẹ̀. Bùrọ̀dá méjì wá ní Sátidé, ọ̀kan mọ iṣẹ́ ilé, èkejì ní ìwé àṣẹ láti fa wáyà iná. Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi lórí koríko tútù, kí wọ́n tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ wọn yá. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, wọ́n ti ń kan tábìlì iṣẹ́.

Mo gbé àwo ìrẹsì jáde, mo sì rí i pé kò sẹ́nikẹ́ni lórí àga oníke mọ́. Bàbá mi ti yọ́ lọ sídìí tábìlì náà. Ó ti mú òòlù, ìṣó méjì wà láàárín ètè rẹ̀ bó ṣe máa ń fi wọ́n há ẹnu láyé ìgbà tí mo wà ní kékeré. Ó fẹ́ kan àkọ́kọ́. Bùrọ̀dá tó mọ iṣẹ́ ilé rí i, ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Bàbá, ẹ dákun sà. Ẹ má jẹ́ kí n gba èpè lọ́fẹ̀ẹ́. A wá ń ṣe ṣọ́ọ̀bù fún yín, ẹ̀yin náà lẹ tún máa ṣiṣẹ́?"

Ó gba òòlù náà bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ. Bàbá mi yọ ìṣó méjì náà lẹ́nu, ó kó wọn fún un pẹ̀lú. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí, pé ó yẹ kí n mọ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́nà Becontree Heath. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ ni pé kí á má ṣe bá àgbàlagbà ṣe ohun tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ìyá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń lo ogún ìṣẹ́jú láti de bọ́tìnnì mẹ́fà. Màá dúró tì í, màá ká ọwọ́ mi sẹ́yìn, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Bó bá de ìkẹfà tán, á gbé orí sókè wò mí bí ọba, màá sì pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà màá wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, màá bá bàbá mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ní kíṣìnnì, màá sì gba ìgbálẹ̀ náà. Ìyá yẹn kì í ṣe ìyá mi. Kò sẹ́ni tó máa pè mí lọ́mọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ nítorí bọ́tìnnì rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ṣọ́ọ̀bù parí. Mi ò ní purọ́, ó dáa. Ògiri rẹ̀ funfun, iná méjì wà lókè, híítà kékeré wà ní igun kan, tábìlì iṣẹ́ sì gùn dé ìdajì ilé. Ọkọ mi kan ìṣó mọ́ ògiri, ó fi ayùn, òòlù àti gbogbo irinṣẹ́ tí bàbá mi kó wá láti ilé kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n wọ́n omi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a kọrin. Bàbá mi dúró láàárín, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́, ó ń ṣe àmín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí tábìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, mo sì rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni.

Kò padà síbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láràárọ̀ ni màá lọ tan híítà kí n tó lọ síbi iṣẹ́, bí mo bá dé màá lọ pa á, gbogbo nǹkan á sì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo ra pákó tuntun wá, mo gbé e sórí tábìlì. Ó ní mo ṣeun. Ó padà sídìí fèrèsé rẹ̀, ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì sì tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀ ṣá o, nítorí mo mọ̀ pé ohun tó fẹ́ jáde lẹ́nu mi kò dáa.

"Bàbá mi, kí lẹ tún fẹ́ kí á ṣe? Oṣù márùn-ún, sà! A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú gáráàjì yẹn nítorí yín. Ẹ ò tiẹ̀ kan ìṣó kan ṣoṣo níbẹ̀!"

Ó gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ ò jẹ́ kí n kàn án."

Mo gbé ojú sókè wò ó.

"Ṣọ́ọ̀bù yẹn dáa," ó ní. "Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́, mi ò ní irú ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ibi tí mo bá fojú sí níbẹ̀, iṣẹ́ ẹlòmíì ni mò ń rí. Ibi tí ayùn mi máa gbé kọ́, ọkọ ẹ ló yàn án. Àlejò ni mí nínú ilé yín, ẹ wá kọ́ ibòmíì fún mi tí mo tún ti máa ṣe àlejò. Ọ̀wọ̀ yín pọ̀, ọmọ mi. Ẹ ti fi ọ̀wọ̀ gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ mi tán."

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. A ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní òun mọ̀. Ó dìde, ó fẹ́ gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ lọ sí kíṣìnnì. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dìde, mo ti gba kọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì dúró, a ń wò ó.

Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo tètè ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì gbọ́ ìró ayùn láti ẹ̀yìn ilé. Mo ju báàgì mi sórí koríko, mo sáré. Bàbá mi ti bọ́ kóòtù, èérún pákó ti bo bàtà rẹ̀. Ó ti fa tábìlì iṣẹ́ sún mọ́ fèrèsé. Ó ti gé ẹsẹ̀ tábìlì náà kúrú, torí ó ga jù fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í. Ó ń kọ orin kan lábẹ́lẹ̀. Ayọ̀ kún inú mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá mi!"

"Oo."

"Kí lẹ ń kàn, sà?"

"Àpótí."

"Àpótí kí ni?"

Kò gbé orí sókè. "Ti irinṣẹ́ mi. Mo ti bá àwọn tó ń kó ẹrù lọ sílé sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní báàgì ò lè gba irin, kí n fi pákó kan nǹkan tó lágbára."

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ògiri ti ṣófo. Ó fa pákó mìíràn sórí tábìlì, pákó náà gùn, apá kan rẹ̀ yọ síta ó ń tẹ̀.

"Wá bá mi di ìdí ẹ̀ mú."

Láti ìgbà tó ti dé, kò rán mi níṣẹ́ kankan rí. Mo dì í mú. Mo wo ojú rẹ̀, ó ń dán, ó dà bí ojú tí mo mọ̀ ní Abẹ́òkúta.

"Bàbá mi," mo ní, "tí a bá jẹ́ kí ẹ máa ṣe gbogbo nǹkan fúnra yín báyìí, ṣé ẹ máa dúró?"

"Gbé e sókè díẹ̀."

Mo gbé e sókè. Ó fi ẹnu ayùn lé orí ìlà tó fi pẹ́ńsù fà.

"Má jẹ́ kó mì o," ó ní.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, mo tún fi orúnkún tì í. Omi ń bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó mì.